Ikú Tó Pa Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ Àkọ́kọ́ Ṣì Wà Nínú Ọkọ̀

Àwọn àgbà ní ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Òwe yìí bá ọmọ ènìyàn mu, ó sì bá ẹ̀yà ara ọkọ̀ mu pẹ̀lú. Bí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ kan bá kú, tí wọ́n yọ ọ́ sọnù, tí wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láì béèrè ohun tó pa ti àkọ́kọ́, ikú kan náà ni yóò padà wá mú èkejì lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ nìyí ní àwọn ibi iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì, láti Èkó dé Ìbàdàn, láti Abẹ́òkúta dé Àkúrẹ́. Owó ń lọ, ọkọ̀ ń gbóná, kò sì sí ẹni tó ń dáhùn fún un.

Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ní ọkọ̀. Nínú Oṣù Kejì tàbí Oṣù Kẹta, nígbà tí oòrùn bá ń mú ganrínganrín, atẹ́gùn tó ń jáde lójú ihò AC á ṣàdédé di gbígbóná. Ọlọ́kọ̀ á darí sọ́dọ̀ oníṣẹ́ AC. Oníṣẹ́ á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á fọwọ́ kan páìpù méjì, á fetí sí ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú kan, á sì dájọ́ ikú: “Ọ̀gá, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yín ti lọ.” Kò fi géèjì wò ó, kò wá ibi tí gáàsì gbé ń jò, kò yẹ fíúsì wò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọmọ iṣẹ́ ti dé láti Ládípọ̀ ní Mushin, tàbí láti ọjà Aráròmí ní Gate bó bá jẹ́ Ìbàdàn ni, pẹ̀lú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tòkunbọ̀ kan nínú àpò. Wọ́n á dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n á rọ gáàsì sí i, atẹ́gùn tútù á sì fẹ́. Ọlọ́kọ̀ á sanwó, á dúpẹ́, á lọ. Lẹ́yìn oṣù méjì tàbí mẹ́ta, irin á tún bẹ̀rẹ̀ sí í han lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá padà sọ́dọ̀ oníṣẹ́ náà, ìdáhùn tí yóò gbà kò ju ẹyọ kan lọ: “Ọ̀gá, tòkunbọ̀ ni, kò sí gáráńtì. Oríire oníkálukú ló ń bá a.”

Irọ́ ni. Kò sí ọ̀rọ̀ oríire níbẹ̀. Iṣẹ́ tí wọn kò ṣe dé ìdí ni. Kí wọ́n yọ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kan, kí wọ́n fi òmíràn síbẹ̀, láì wádìí, láì fọ páìpù, láì pààrọ̀ fílítà, láì fa omi àti atẹ́gùn jáde nínú rẹ̀, èyí kò yẹ lẹ́ni tí à ń pè ní àtúnṣe. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ó tó àkókò kí àwọn ọlọ́kọ̀ kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ AC fúnra wọn bá a wí, kí ìjọba sì fi òfin tó ti wà nílẹ̀ mú ẹni tó bá ń ṣe é.

Àwọn kan lè rò pé ọ̀rọ̀ fàájì ni èyí, pé ẹni tí AC bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó sọ gíláàsì kalẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe olówó tó ní ọkọ̀ mẹ́ta lágbàlá ni ìyà yìí ń jẹ jù. Awakọ̀ tó ń gbé èrò tí wọ́n fi fóònù pè é ní Èkó ni. Èrò tó bá wọlé tó bá ooru á kùn, á fún awakọ̀ ní máàkì tí kò dára, ẹlòmíràn á tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ pé òun kò lọ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn awakọ̀ wọ̀nyí kọ́ ló ni ọkọ̀ tí wọ́n ń wà. Owó ọlọ́kọ̀ wà lọ́rùn wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yálà èrò wọlé tàbí kò wọlé. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó bá kú lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, owó oúnjẹ àti owó ilé ìwé ọmọ ló bá a lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kejì fi ń kú ní láti kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Òun ni ọkàn ẹ̀rọ náà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ló ń yí púlì rẹ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ AC, irin òòfà tó wà níwájú rẹ̀ á gbá púlì mú, àwọn písítìnnì inú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún gáàsì pọ̀. Gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ á gbóná, á lọ sínú kọ́ńdẹ́ńsà tó wà níwájú radiétọ̀. Níbẹ̀ ni atẹ́gùn ìta á ti gba ooru lára rẹ̀ títí yóò fi di olómi. Láti ibẹ̀ yóò gba inú fílítà tó ń fa omi àti ìdọ̀tí mọ́ra, yóò gba ihò fáàfù tóóró kan kọjá, yóò sì tú sínú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ló ti ń padà di gáàsì, tó sì ń gba ooru inú ọkọ̀ sára. Lẹ́yìn náà ni yóò padà sọ́dọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ láti tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà náà yí po ni, kò ní ẹnu àbájáde. Ohunkóhun tí kò yẹ tó bá wọ inú rẹ̀, ìbáà ṣe èérún irin, ìbáà ṣe omi, ìbáà ṣe atẹ́gùn, inú rẹ̀ náà ni yóò máa yí ká.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ kò mọ̀ ni pé òróró tó ń mú kí irin inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ máa yọ̀ kì í gbé ojú kan bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ó ń bá gáàsì rìn yí gbogbo ọ̀nà náà ká ni. Níbi tí gáàsì bá ti ń jò, òróró ń bá a jáde díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí ibi tó bá ń jò fi máa ń rí bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á, tí eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá wá ń rọ gáàsì kún ọkọ̀ rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta láì dí ojú ibi tó ń jò, gáàsì nìkan ló ń dá padà. Òróró tó ti jò lọ kò padà. Irin á bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin, ooru á mú un, yóò sì gan pa. Nígbà tí wọ́n bá fi òmíràn síbẹ̀, tí ojú tó ń jò ṣì là sílẹ̀, irú ikú kan náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ wá bá a láti ọjọ́ kìíní.

Omi náà ń pa á. Òróró tí wọ́n ń lò nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń lo gáàsì R134a, èyí tí wọ́n ń pè ní PAG, máa ń fa ọ̀rinrin inú atẹ́gùn mọ́ra bí iyọ̀ ti ń ṣe ní àsìkò òjò. Omi tó bá ráyè wọlé lè dì sí yìnyín lẹ́nu fáàfù tóóró yẹn, ó sì lè di ásíìdì tí yóò máa jẹ irin láti inú. Fáànù kọ́ńdẹ́ńsà tí kò yí mọ́ náà ń pa á, nítorí gáàsì tí kò rí ibi tutù sí á máa ti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ padà pẹ̀lú agbára tó ju èyí tó lè gbà lọ. Gáàsì tí wọ́n rọ kún jù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú ikú wọ̀nyí tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tuntun lè wò sàn, ì báà tilẹ̀ jẹ́ pé inú páálí ni wọ́n ti yọ ọ́.

Kí wá ni iṣẹ́ tó péye? Kì í ṣe awo. Ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwádìí. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ á so géèjì olójú méjì mọ́ ọn láti mọ bí agbára gáàsì ti rí níbi tó ti lọ sílẹ̀ àti níbi tó ti ga. Á yẹ fíúsì, rílèé, wáyà àti fáànù wò. Ìdí pàtàkì wà fún èyí. Súwíìṣì kan wà tó ń ṣọ́ agbára gáàsì nínú ẹ̀rọ náà. Bí gáàsì bá ti dínkù jù, yóò dá kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ dúró kí ó má baà ba ara rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó dákẹ́ lè máà tíì kú. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ní kó dákẹ́ ni. Ta ni yóò sọ iye kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ alààyè tí wọ́n ti yọ kúrò lára ọkọ̀, tí wọ́n sì fi òkú tòkunbọ̀ rọ́pò rẹ̀, nítorí fíúsì kékeré kan tàbí rọ́bà kan tó ti gé?

Bó bá wá dájú pé ó ti kú lóòótọ́, òkú rẹ̀ ní ẹ̀rí láti jẹ́. Kí wọ́n da òróró inú rẹ̀ sínú ike funfun. Bó bá mọ́ rekete, ìyẹn jẹ́ ọ̀tọ̀. Bó bá dúdú, tí èérún irin sì ń dán yinrinyinrin nínú rẹ̀, a jẹ́ pé irin ti fọ́ nínú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ìdọ̀tí rẹ̀ sì ti bá gáàsì lọ sínú páìpù àti kọ́ńdẹ́ńsà. Wọ́n ní láti fọ páìpù pẹ̀lú kẹ́míkà tí wọ́n ń lò fún un. Ojú ihò kọ́ńdẹ́ńsà òde òní kéré tó bẹ́ẹ̀ tí fífọ̀ kì í lè mú gbogbo èérún jáde níbẹ̀. Pípààrọ̀ ló kù. Fílítà ní tirẹ̀ kò ní àwíjàre: nígbàkígbà tí wọ́n bá pààrọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, wọ́n ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Wọn á fi rọ́bà róbótó tuntun sí gbogbo oríkèé tí wọ́n bá tú. Wọn á wọn òróró tó bá kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ náà mu, ní iye tó yẹ, wọn kò ní bù ú bí ẹni bu epo sóbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìgbésẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń fò kọjá. Wọ́n ní láti fi ẹ̀rọ afàtẹ́gùn fa gbogbo ohun tó wà nínú páìpù jáde fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30. Bí atẹ́gùn ti ń tán nínú rẹ̀, omi tó fara pamọ́ síbẹ̀ á hó láì jẹ́ pé wọ́n dáná sí i, á sì bá atẹ́gùn jáde. Wọn á wá pa ẹ̀rọ náà, wọn á máa wo ojú géèjì. Bí ọwọ́ géèjì bá ń gòkè padà, nǹkan ṣì ń jò tàbí omi ṣì wà níbẹ̀. Kò tíì yá láti rọ gáàsì. Nígbà tó bá yá, òṣùwọ̀n ni wọn á fi wọ̀n ọ́n, nítorí iye tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà sábà máa ń wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, kò ju nǹkan bí ìdajì kílò lọ.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tó wọ́pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Gáàsì tó kù nínú ọkọ̀ ni wọ́n máa ń tú dà sínú atẹ́gùn, tí yóò máa pariwo bí ejò. Fílítà tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ̀ ti jáde ní ilé iṣẹ́ ni wọ́n á dá padà sí àyè rẹ̀. Dípò ẹ̀rọ afàtẹ́gùn, gáàsì díẹ̀ ni wọ́n á fi ti atẹ́gùn jáde fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, wọ́n á ní ó ti tó. Dípò òṣùwọ̀n, ọwọ́ ni wọ́n á fi kan páìpù: “Ó ti tutù, ó ti gbà.” Níbi tí ọwọ́ bá ti di òṣùwọ̀n, ẹ̀rọ kì í pẹ́.

Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tòkunbọ̀ fúnra rẹ̀ ní ẹjọ́ láti rò. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rìn nínú ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ti rí wọn: òkìtì kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lórí pákó tàbí lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ẹnu ibi tí páìpù ń wọ̀ lára wọn là sílẹ̀ fún òjò, oòrùn àti eruku. Òróró inú wọn ti ń fa ọ̀rinrin mọ́ra láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé wọn kúrò lára ọkọ̀ lókè òkun. Òmíràn, wọ́n á fi ọ̀dà fàdákà kùn ún kó lè dán bí ọmọ tuntun. Ẹni tó bá rà á kò mọ iye ọdún tó ti lò, kò mọ ohun tó pa ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún un. Kì í ṣe pé tòkunbọ̀ kò dára rárá ni. Òun ló gbé ọ̀pọ̀ ilé ró, òun náà ló sì gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ dúró. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ tí wọ́n dí lẹ́nu, tí wọ́n yẹ òróró rẹ̀ wò kí wọ́n tó tà á, tí ẹni tó tà á sì lè fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀ fún oṣù díẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kàn fi ọ̀dà bo àbùkù rẹ̀.

Gáàsì ni ewu tó burú jù, nítorí ó lè gba ẹ̀mí. Lọ́dún 2011, àwọn kọ̀ǹténà tó ń mú oúnjẹ tutù bú gbàmù ní Vietnam àti ní Bùràsíìlì, òṣìṣẹ́ mẹ́ta sì kú. Ohun tí wọ́n rí nídìí rẹ̀ ni ayédèrú gáàsì R134a tí wọ́n ti po methyl chloride mọ́. Kẹ́míkà yìí máa ń bá álúmínọ́ọ̀mù jà, ohun tó sì ń tibẹ̀ jáde lè gbiná bó bá ti kan atẹ́gùn lásán, láì sí ìṣáná. Álúmínọ́ọ̀mù náà ni wọ́n fi ṣe ara kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àti kọ́ńdẹ́ńsà inú ọkọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ń ra agolo gáàsì lọ́jà nítorí pé ó pọ́ọ́kú, tí kò mọ ibi tó ti wá, tó sì gbẹ́kẹ̀ lé àkọlé ara rẹ̀ nìkan, ó ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ ta tẹ́tẹ́.

Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ń yí padà, iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì kò sì tíì bá a yí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni òfin àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fi òpin sí R134a nínú ọkọ̀ tuntun. R1234yf ló gba ipò rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹnu ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ sì yàtọ̀. Irú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ti ń di tòkunbọ̀. Nínú ọkọ̀ tó ń lo iná àti epo pọ̀, bíi Toyota Prius, iná mànàmáná bátìrì ńlá ló ń yí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì, irú òróró mìíràn ni wọ́n sì ń lò nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá bu PAG sí i, ó lè jẹ́ kí iná gba ibi tí kò yẹ. Iná tó lè pa ènìyàn ni. Ọ̀rọ̀ “gbogbo rẹ̀ náà ni AC” kò wúlò mọ́ o.

Àwọn kan á ní owó ni kò sí. Òótọ́ ni. Láti ọdún 2023, tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí wọ́n sì ti fi náírà sílẹ̀ kó máa bá ọjà rìn, owó ẹ̀yà ara ọkọ̀ ti fò sókè kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìdí gan-an tí kò fi yẹ kí tálákà ra kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nìyẹn. Owó fílítà, owó rọ́bà àti owó ìṣẹ́jú 30 tí ẹ̀rọ afàtẹ́gùn fi ṣiṣẹ́ kò lè tó owó kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kejì, gáàsì kejì àti owó iṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí kò lówó ni kò lè fara da iṣẹ́ àṣetúnṣe. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Èyí tí kò dùn náà, owó ni wọ́n fi sè é, wọ́n kàn dà á nù ni.

Àwọn oníṣẹ́ náà yóò ní ẹjọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ni. Òótọ́ wà nínú èyí pẹ̀lú. Ọlọ́kọ̀ pọ̀ tó jẹ́ pé bí oníṣẹ́ bá ka fílítà, fífọ páìpù àti òróró sílẹ̀ fún un, á ní ó fẹ́ já òun lólè ni. Á fa ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n á fi yọ gbogbo ohun tó ṣe kókó kúrò nínú rẹ̀, á wá máa yangàn pé òun mọ ọjà ná. Ọ̀dọ̀ ẹni tó bá gbà láti ṣe é ní ìdajì owó ni yóò gbé ọkọ̀ lọ. Bí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ bá rí i pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ló ń kó oníbàárà, kí ni yóò mú un ra ẹ̀rọ afàtẹ́gùn àti òṣùwọ̀n? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá; ọwọ́ ọlọ́kọ̀ wà nínú ikú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tó mọ̀ ni ẹ̀bi pọ̀ sí lọ́rùn. Ọlọ́kọ̀ kò kọ́ṣẹ́ AC. Oníṣẹ́ ló gba fírídọ́ọ̀mù, òun ló gbé àkọlé kọ́, òun ló ń gba owó. Bí ọlọ́kọ̀ bá kọ̀ láti sanwó fílítà, ó yẹ kí oníṣẹ́ lè sọ pé iṣẹ́ náà kò ṣeé ṣe lọ́nà bẹ́ẹ̀. Aránṣọ tó mọyì orúkọ rẹ̀ kì í gbà kí oníbàárà ní kó má fi òwú rán ọwọ́ kan nítorí owó. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ lágbára láti dá ọjọ́ ìpàdé, láti gba owó ẹgbẹ́, láti ti ṣọ́ọ̀bù ẹni tó bá ṣẹ̀ wọ́n. Kí ló dé tí wọn kò lè fi agbára yẹn ṣòfin pé ọmọ iṣẹ́ kankan kò ní gba fírídọ́ọ̀mù bí kò bá lè lo géèjì, tí kò lè fa atẹ́gùn jáde, tí kò sì lè wọn gáàsì? Kí ló dé tí ẹgbẹ́ kò lè dá owó jọ ra ẹ̀rọ afàtẹ́gùn kan tàbí méjì fún àdúgbò kan, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa yá a lò?

Ìjọba ní ti wọn kò lè sọ pé òfin kò sí. Òfin Ìdíje àti Ìdáàbòbò Oníbàárà ti ọdún 2018 fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tó péye, ó sì pa á láṣẹ pé ẹni tó bá ń ta ohun tí wọ́n ti tún ṣe gbọ́dọ̀ fi í hàn gbangba pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Àjọ SON wà láti dènà ayédèrú ọjà, NESREA sì wà láti dáàbò bo àyíká. Nàìjíríà wà nínú àdéhùn Kigali ti ọdún 2016, tó ní kí àwọn orílẹ̀-èdè dín irú gáàsì bíi R134a kù. Ọdún 2024 ni ìdíwọ̀n náà bẹ̀rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè bíi Nàìjíríà. Ìdí tó fi jẹ wọ́n lógún ni pé kílò kan R134a tó tú sínú atẹ́gùn ń mú ayé gbóná bíi 1,400 kílò carbon dioxide láàárín 100 ọdún. Oníṣẹ́ tó bá tú ìdajì kílò gáàsì ọkọ̀ kan ṣoṣo dànù, bí ẹni pé ó jó nǹkan bí 300 lítà epo pẹtiróòlù lásán ni. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ wọ̀nyí ti wá, òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gbowó tún AC ọkọ̀ ṣe bí kò bá ní ìwé ẹ̀rí fún un, ó sì kà á léèwọ̀ láti tú gáàsì náà dà sínú atẹ́gùn. Ọkọ̀ wọn ni wọ́n ń kó wá; ìlànà tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ kò bá a wọkọ̀ ojú omi.

Kí ìjọba tó jí, ọlọ́kọ̀ kò gbọdọ̀ ká ọwọ́ lẹ́rán. Ìbéèrè márùn-ún péré ló yẹ kó wà lẹ́nu rẹ̀ kó tó fa owó yọ. Kí ni géèjì sọ? Níbo ló ti ń jò? Kí ni àwọ̀ òróró inú èyí tó kú? Ṣé fílítà tuntun wà níbẹ̀? Ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fẹ́ fi fa atẹ́gùn jáde, gáàsì tí wọ́n fẹ́ rọ ńkọ́, ìwọ̀n gíráàmù mélòó ni? Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ á tilẹ̀ dùn pé ẹni tó yé ti dé. Èyí tó bá bínú, tó ní, “Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?”, ó ti fi ara rẹ̀ hàn. Kí ọlọ́kọ̀ ti bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kó máa lọ.

Bí ènìyàn bá kú ní rèwerèwe, àwọn ẹbí kì í kàn gbẹ́ ilẹ̀ sin ín kí wọ́n sì dákẹ́. Wọ́n á béèrè ohun tó pa á, kí irú rẹ̀ má baà mú àbúrò rẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kì í ṣe ènìyàn, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi ń rà á, làágùn ènìyàn ni. Títí ẹnìkan yóò fi béèrè ohun tó pa ti àkọ́kọ́, tòkunbọ̀ yóò máa wọlé, òkìtì òkú irin yóò máa ga sí i lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, awakọ̀ yóò sì máa fi aṣọ ìnujú nu làágùn lójú títì, lẹ́yìn tó ti sanwó atẹ́gùn tútù lẹ́ẹ̀mẹta.